Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Méjì sí Ilẹ̀ Odò Yìnyín

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọ̀rọ̀ ṣókí ni òwe yìí, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ńlá ni ó wà nínú rẹ̀ fún gbogbo arìnrìn-àjò: ẹni tí ó bá ń múra àlọ, kí ó ti máa múra àbọ̀ pẹ̀lú. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ní Alaska, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó wà ní ìpẹ̀kun àríwá, níbi tí àwọn ènìyàn ti máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré wọ àárín àwọn òkè gíga lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Àlọ wọn kì í sábà tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n àbọ̀ wọn lè gba wákàtí kan, ó lè gba ọjọ́ kan, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó bá wọn rìn dé ibẹ̀, a ó wo bí ilẹ̀ náà ti rí, a ó sì gbọ́ ìtàn àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dán wò ní ọdún 1937.

Kí a tó gbéra, ó yẹ kí a mọ ohun tí odò yìnyín jẹ́. Yìnyín tí àwa mọ̀ ni èyí tí ó máa ń bá òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọdé máa ń sáré ṣà jẹ, tí ó sì máa ń yọ́ kí a tó ka ení èjì. Lórí àwọn òkè Alaska, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi inú ìkùukùu fi máa ń dì kí ó tó bọ́ sílẹ̀. Òjò dídì yìí funfun bí òwú, ó sì fúyẹ́ bí òwú. Èyí tí ó rọ̀ ní ọdún yìí kò ní tíì yọ́ tán kí ti ọdún tí ń bọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tí ó wà lókè ń tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀, títí tí ti ìsàlẹ̀ yóò fi di yìnyín gbagidi. Nígbà tí yìnyín yìí bá nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí tì í wálẹ̀ láàárín àfonífojì, díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí odò tí ń ṣàn. Ojú ènìyàn kò lè rí ìrìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró rí. Níbi tí ó bá ti gba orí àpáta kọjá, ó máa ń sán, ọ̀gbun jíjìn a sì là sí i lára. Nígbà mìíràn òjò dídì yóò bo ẹnu ọ̀gbun náà pátápátá, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀fìn tí ọdẹ fi ewé bò ni ó rí. Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ lè tẹ ibẹ̀ kí ó má sì tún jáde mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí abúlé kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Talkeetna. Ó wà ní ìhà àríwá ìlú Anchorage, ọ̀nà tí ó lé ní 100 máìlì, níbi tí odò mẹ́ta ti pàdé: Susitna, Chulitna àti Talkeetna. Omi odò méjì àkọ́kọ́ kò mọ́ gaara. Ó rí bí omi eérú, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti abẹ́ odò yìnyín wá, ó sì ń gbé ẹ̀bù òkúta tí yìnyín ti lọ̀ kúnná bí èlùbọ́ lọ́wọ́. Abúlé kékeré ni Talkeetna, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ ní ọjọ́ Sátidé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú ni yóò jí àlejò tí ó sùn síbẹ̀. Akọ̀wé wà nínú àwọn èrò ibẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, oníṣòwò náà kò gbẹ́yìn. Ohun tí ó kó gbogbo wọn jọ ni òkè kan tí ó ga lókèèrè, tí ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

Denali ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pe òkè náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ẹni Gíga. Ní ọdún 1917, ìjọba Amẹ́ríkà fi orúkọ McKinley, ọ̀kan nínú àwọn olórí orílẹ̀-èdè wọn, pè é nínú òfin. Ní ọdún 2015, wọ́n dá orúkọ Denali padà fún un. Ní ọdún 2025, wọ́n tún fi McKinley rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ yòówù tí a bá fi pè é, gíga rẹ̀ kò yí padà: 20,310 ẹsẹ̀ bàtà ni, òun ni ó sì ga jùlọ ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́rin kan ni ó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 1913. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ ni Walter Harper, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Alaska. Láti oṣù kẹta ni wọ́n ti gbéra, tí ajá ń fa ẹrù wọn lórí yìnyín.

Ọkọ̀ òfuurufú ni ó sọ ìrìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí di ìrìn ìṣẹ́jú. Ní ọdún 1932, awakọ̀ kan tí ń jẹ́ Joe Crosson balẹ̀ sórí odò yìnyín Muldrow ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà. Ní ọdún 1951, Terris Moore, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Alaska nígbà náà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré kan gbé àwọn agunkè lọ sórí odò yìnyín Kahiltna. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là, tí ẹni tí kò ju ọjọ́ méjì ìsinmi lọ ní ọwọ́ pàápàá fi lè dé ibi tí àwọn baba rẹ̀ kò lè dé.

Ọkọ̀ tí a ó wọ̀ kéré. Awakọ̀ àti èrò bí mẹ́fà ni ó lè gbà. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni ó ní, abẹ̀bẹ̀ irin kan sì wà ní imú rẹ̀. Ohun tí yóò ya ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí táyà, ó tún ní pátákó irin méjì tí ó gùn, tí ó tẹ́jú, tí imú wọn sì tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Síkì ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí ọkọ̀ bá ń gbéra ní Talkeetna, táyà ni ó ń lò lórí ilẹ̀ líle. Bí ó bá sún mọ́ odò yìnyín, awakọ̀ yóò sọ síkì náà kalẹ̀ kọjá táyà, kí ọkọ̀ lè fi wọ́n yọ̀ lórí òjò dídì láìrì. Kí awakọ̀ tó gba èrò sínú ọkọ̀, yóò wọn ẹrù wọn, yóò sì wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá tilẹ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo ni òun yóò sùn, awakọ̀ yóò bi í léèrè pé, “Oúnjẹ ọjọ́ mélòó ni ẹ gbé?” Ẹni tí ó bá dáhùn pé ti ọjọ́ kan, awakọ̀ yóò ní kí ó padà lọ sọ́jà.

Ọkọ̀ gbéra. Igbó aláwọ̀ ewé àti àwọn adágún kéékèèké kọjá lábẹ́ wa. Kò pẹ́, igi tán, òkúta bẹ̀rẹ̀. Òkúta tán, yìnyín bẹ̀rẹ̀. Odò yìnyín Ruth ni a ń bá lọ yìí. Láti òkè, a rí ìlà dúdú gbọọrọ lára rẹ̀ bí ìlà tí wọ́n fi èédú fà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, tí ó já bọ́ láti ara òkè, tí yìnyín sì ń rù lọ. A rí adágún omi tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti aró. Lẹ́yìn náà ni a wọ àárín ògiri òkúta méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí ìkọ̀ọ̀kan ga tó 5,000 ẹsẹ̀ bàtà láti ojú yìnyín. Ààyè tí ó wà láàárín wọn kò ju nǹkan bí máìlì kan lọ. Yìnyín tí ó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ pàápàá jìn ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ọkọ̀ wa kò ju eṣinṣin tí ó wọ inú ààfin lọ. Nígbà tí a jáde ní òkè ògiri náà, ilẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ lọ rẹrẹ bí awo funfun ńlá, òkè yí i ká, Denali sì dúró sẹ́yìn wọn bí ọba láàárín àwọn ìjòyè rẹ̀.

Ibí yìí ni a ó balẹ̀ sí, ibí yìí sì ni a ó ti mọ̀ bóyá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ni awakọ̀. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, ojú ọ̀run funfun, ilẹ̀ funfun, òjìji kò sì sí níbì kankan. Ojú kò lè mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ bàtà 5 ni ó kù kí ọkọ̀ kan ilẹ̀ tàbí 500. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ máa ń ju ẹ̀ka igi tútù sílẹ̀ láti òkè kí wọ́n lè rí ohun dúdú tí ojú yóò fi wọn ilẹ̀. Awakọ̀ yóò sì yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó balẹ̀. Bí ààyè bá wà, orí òkè ni yóò kọ jú sí nígbà tí ó bá ń balẹ̀, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lè dá ọkọ̀ dúró. Ìsàlẹ̀ ni yóò sì kọjú sí nígbà tí ó bá ń gbéra, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà lè tì í lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ní gíga 6,000 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti lọ. Bí ọjọ́ bá tún móoru, afẹ́fẹ́ a tún fẹ́lẹ́ sí i, òjò dídì a sì rọ̀, a máa di síkì mú bí ẹrẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ balẹ̀ sí pẹ̀lú ìrọ̀rùn ní òwúrọ̀ lè di ibi tí kò ti lè gbéra ní ọ̀sán.

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀, ó gbéra, ìró rẹ̀ sì dín kù títí ó fi wọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ju ti òru lọ. Kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò, kò sí ewé tí atẹ́gùn yóò mì. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, a gbọ́ ìró bí àrá lókèèrè: yìnyín ni ó ya lára ògiri òkè tí ó ń wó lulẹ̀. Lórí àpáta kan tí ó yọ orí láàárín yìnyín náà, ilé onígi kékeré kan wà, tí ó ní ìhà mẹ́fà. Don Sheldon, awakọ̀ Talkeetna tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àwọn tí ó gbà lọ́wọ́ ikú lórí òkè wọ̀nyí, ni ó kọ́ ọ ní ọdún 1966. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì fi kó igi àti irin rẹ̀ dé ibẹ̀. Sheldon kú ní ọdún 1975, ṣùgbọ́n ilé náà kò wó. Nínú rẹ̀ ni a ó sùn. Ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í tètè wọ̀ níbẹ̀. Ní aago mẹ́wàá alẹ́, ènìyàn ṣì lè kàwé lóde, ṣóńṣó òkè a sì pupa bí ẹyin iná.

Ẹni tí ó bá wà níbẹ̀ ní alẹ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ayé kò ní ewu mọ́. Nítorí ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn tí a ti ṣèlérí.

Ní ọdún 1937, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Amẹ́ríkà méjì, Bradford Washburn àti Robert Bates, pinnu láti gun òkè Lucania ní Yukon ní ilẹ̀ Kánádà, nítòsí ẹnubodè Alaska. Òkè náà ga ju 17,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Nínú gbogbo òkè Àríwá Amẹ́ríkà tí ènìyàn kò tíì gùn nígbà náà, òun ni ó ga jùlọ. Wọ́n bẹ awakọ̀ kan ní ọ̀wẹ̀, Bob Reeve, ará ìlú Valdez ní etí òkun. Ọkùnrin yìí ní ọgbọ́n orí. Síkì nìkan ni ọkọ̀ rẹ̀ fi lè balẹ̀ sórí yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí òjò dídì ní Valdez nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ni ó ṣe? Ó dúró di ìgbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, ó sì ń fi síkì gbéra lórí ẹrẹ̀ yíyọ̀ tí omi fi sílẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Reeve gbé àwọn méjèèjì lọ sórí odò yìnyín Walsh, níbi tí ó ga ju 8,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ètò wọn ni pé kí ó padà lọ gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì tí ó kù ní Valdez wá, kí ó sì tún wá kó gbogbo wọn nígbà tí wọ́n bá gun òkè tán. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti kan ilẹ̀ báyìí ni ó rì. Ooru tí ẹnikẹ́ni kò retí ti mú kí òjò dídì náà di bí ògì. Òjò tún bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wa ọkọ̀ náà jáde, tí ó tún ń rì padà. Reeve gbìyànjú láti gbéra, ó kùnà. Ó tún gbìyànjú, ó tún kùnà.

Nígbà tí òtútù mú díẹ̀, tí ojú yìnyín sì dì, Reeve mọ̀ pé àsìkò òun nìyí, pé kò sì ní pẹ́ kọjá. Ó kó gbogbo ohun tí ọkọ̀ lè ṣe aláìní jáde kí ó lè fúyẹ́. Ó mú òòlù, ó lu apá abẹ̀bẹ̀ irin náà kí wọ́n lè tẹ́ sí i, kí ẹ́ńjìnnì lè yí i kíákíá. Lẹ́yìn náà ó tẹ ọkọ̀ níná. Ọkọ̀ ń sáré, kò gbéra. Ọ̀gbun ń bọ̀ níwájú. Lójijì ó yí imú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ọkọ̀ já sílẹ̀, ó rí ìwọ̀n eré tí ó ń wá, ó sì fò. Washburn àti Bates tí wọ́n dúró tí wọ́n ń wò ó mọ ohun méjì ní wákàtí yẹn: pé ọ̀rẹ́ wọn yè, àti pé kò sí ọkọ̀ tí yóò wá gbé àwọn mọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn yẹn.

Kí ni ó kù fún wọn láti ṣe? Ẹkún kò lè pe ọkọ̀ padà. Wọ́n jókòó, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tí ó dára jù ni kí wọ́n gun òkè náà kọjá, kí wọ́n gun òkè kejì tí ń jẹ́ Steele, kí wọ́n sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje, wọ́n dé ṣóńṣó Lucania. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dín ẹrù wọn kù. Wọ́n ju àpò ìbùsùn kan nù, àwọn méjèèjì sì ń sùn nínú ọ̀kan. Wọ́n gé ilẹ̀ àgọ́ wọn pàápàá kúrò kí ó lè fúyẹ́. Wọ́n gbójú lé oúnjẹ tí àwọn agunkè mìíràn ti fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ òkè ní ọdún méjì ṣáájú. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ẹranko béárì ti bà á jẹ́. Wọ́n ti fi eyín lu àwọn agolo rẹ̀.

Ebi ń pa wọ́n, ilé sì jìnnà. Wọ́n dé odò Donjek, wọ́n bá a tí ó kún, tí ó sì ń ru. Ìbá ṣe pé wọ́n jẹ́ aláìnísùúrù ni, wọn ì bá bọ́ sínú rẹ̀ kí omi gbé wọn lọ. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n yí padà, wọ́n rìn sókè odò títí wọ́n fi dé orí odò yìnyín tí ó bí i, wọ́n sì gba orí yìnyín náà kọjá. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti olú ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí ó pẹ́, wọ́n pàdé àwọn tí ń fi ẹṣin kó ẹrù, àwọn wọ̀nyí sì bá wọn dé Burwash Landing létí adágún Kluane. Wọ́n ti rin ju 100 máìlì lọ. Ọdún 2007 ni àwọn méjèèjì tó fi ayé sílẹ̀, ẹni ọdún 96 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí ó kú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé onígi wa. Ilẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ìkùukùu ti rọ́ wọ àárín ògiri òkúta tí a gbà wọlé, a kò sì rí Denali mọ́. Irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ níbẹ̀, kò sì ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn kan nínú èrò bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Yóò ní ọ̀gá òun ń retí òun ní ọjọ́ Ajé. Yóò fi ẹ̀rọ bá awakọ̀ tí ó wà ní Talkeetna sọ̀rọ̀, yóò ní òun yóò fi owó kún owó. Ìdáhùn awakọ̀ rere kì í ju ọ̀kan lọ: “Ẹ ní sùúrù. Tí ó bá là, mo ń bọ̀.” Ẹni tí kò lóye lè pe èyí ní ojo. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láàárín ògiri méjì tí ìkùukùu ti bò, kò sí ààyè fún ọkọ̀ láti ṣi ọ̀nà, ààyè láti yí padà pàápàá lè má sí. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Akíkanjú tí ń bẹ nínú àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ni ẹni tí ó lè wí pé rárá nígbà tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́ kí ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Oúnjẹ tí a rò pé ó pọ̀ jù ní ọjọ́ Sátidé ni a ó jókòó jẹ ní Ọjọ́ Ìsinmi. Bóyá ní ìrọ̀lẹ́, bóyá ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ìkùukùu yóò là, a ó sì tún gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì náà láti òkèèrè.

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín ìgbà Reeve àti ìgbà tiwa tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Ooru tí ó bá Reeve lójijì ní ọdún 1937 kò ṣe àjèjì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ayé ń móoru sí i, ọ̀pọ̀ odò yìnyín Alaska ń fẹ́lẹ́, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ ní láti máa tún ilẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí ibi tí ó tẹ́jú ní àná lè di ọ̀gbun ní ọ̀la.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ó lè jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní fi ojú rí odò yìnyín láéláé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní wọ inú ohun kan tí ìwọlé rẹ̀ rọrùn ju ìjáde rẹ̀ lọ. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, láti òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọkọ̀ òfuurufú ti sọ ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ di ọ̀nà ìṣẹ́jú. Kò sọ òkè di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ lè gbé wa dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n ìrònú, ìmúrasílẹ̀ àti sùúrù ni ó ń gbé ènìyàn padà sílé.

ÌDÁNRAWÒ

1. Ṣàlàyé ní ọ̀rọ̀ ara rẹ bí òjò dídì ṣe ń di odò yìnyín.
2. Kí ni ìwúlò síkì lára ọkọ̀ òfuurufú? Báwo ni Reeve ṣe ń lo tirẹ̀ nígbà tí kò sí òjò dídì ní Valdez?
3. Kí ló dé tí ọjọ́ tí ó móoru fi ṣòro fún ọkọ̀ láti gbéra lórí odò yìnyín? Sọ ìdí méjì.
4. Sọ ohun mẹ́ta tí Washburn àti Bates ṣe tí ó fi hàn pé wọ́n jẹ́ onílàákàyè.
5. “Ẹni tí kò lóye lè pe èyí ní ojo.” Kí ni “èyí” dúró fún? Ǹjẹ́ o gbà pẹ̀lú ẹni tí ó kọ ẹ̀kọ́ yìí? Sọ ìdí rẹ.
6. Túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí o sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn: ọ̀fìn, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbìmọ̀, ṣóńṣó, bẹ̀ ní ọ̀wẹ̀.
7. Kọ àròkọ kan tí kò ju ojú ìwé méjì lọ lórí òwe yìí: “Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé.”